Kí Ni Preye Ń Wí Kó Tó Fò?

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀rọ̀ yìí ń tì mí lójú, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Mo ní ọ̀rẹ́ kan, Preye, ọmọ ẹ̀yà Ìjọ̀ ni. Ajégúnlẹ̀ la jọ dàgbà sí. Ó ń wa tírélà ní Apápá, èmi ń bá àwọn tó ń kó ẹrù jáde ní pọ́ọ̀tù ṣiṣẹ́. Mo ra géèmù àtijọ́ kan, tòkunbọ̀, irú èyí tí wọ́n ń ki káséètì sí, téèyàn á kọ́kọ́ fẹ́ atẹ́gùn sí i kó tó ṣiṣẹ́. Káséètì kan ṣoṣo ló bá a wá: eré orí yìnyín. Èèyàn á de pákó mọ́ ẹsẹ̀, á yọ̀ bọ́ láti orí òkè, á tẹ bọ́tìnnì, á fò! Yìnyín tí àwa méjèèjì mọ̀ kò sì ju ti inú fìrísà lọ o.

Gbogbo ọ̀sán Sọ́ńdè la máa ń fi í díje nílé mi. Preye ló sì máa ń nà mí. Tèmi á fò díẹ̀, á forí gúnlẹ̀. Tirẹ̀ á máa lọ lófuurufú bí àṣá.

Mo wá fura. Mo ṣàkíyèsí pé kó tó fò, ẹnu rẹ̀ á máa ṣe wúyẹ́wúyẹ́. Mo tẹ́tí. Ohun tí mo gbọ́ ni "má mú". Má mú kẹ̀? Kí ni kò gbọdọ̀ mú? Ṣé ẹsẹ̀ tèmi ni kò gbọdọ̀ múlẹ̀ ni?

Ọfọ̀ rèé!

Mo gba páàdì tó fi ń tẹ bọ́tìnnì, mo fún un ní tèmi. Ó ṣì nà mí. Mo fi òróró àdúrà pa páàdì. Ó yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ èmi gan-an! Ìyàwó mi ní ṣé orí mi pé. Nígbà tí iṣẹ́ mi wá dáwọ́ dúró ní pọ́ọ̀tù, ọ̀rọ̀ kúrò ní ti eré. Ẹni tó di ẹsẹ̀ mi nínú géèmù, kí ni kò lè dì? Mi ò jẹun nílé rẹ̀ mọ́. Oúnjẹ tí ìyàwó rẹ̀ bá fi ránṣẹ́, màá dà á nù. Ọbẹ̀ báńgà tó kún fún ẹja o!

Sọ́ńdè tó kọjá, ara mi ò gbà á mọ́. Mo pa tẹlifíṣọ̀n, mo bi í pé ọfọ̀ wo ló ń pè sí mi lórí.

Ẹ̀rín fẹ́ pa á. "Ọfọ̀ kẹ̀? Na count I dey count! Kẹni, mamu, taru. Ọ̀kan, méjì, mẹ́ta. Tí mo bá dé taru, màá tẹ bọ́tìnnì. Ìwọ máa ń yára jù, ìyẹn lo ṣe ń ṣubú."

Èmi náà bú sẹ́rìn-ín. Àfi bó ṣe béèrè pé ṣé torí ẹ̀ ni mi ò ṣe jẹun nílé òun mọ́. Mi ò lè parọ́.

Ó rọra gbé páàdì sílẹ̀. "Láti kékeré ni mo ti ń bá ẹ sọ Yorùbá. Màmá ẹ gan-an, Yorùbá ni mo fi ń kí wọn. Èdè tèmi, o ò lè ka mẹ́ta níbẹ̀. O wá ní ọfọ̀ ni."

Ó wọ bàtà, ó lọ. Mo ti pè é títí, kò gbé fóònù.

Ẹ̀yin èèyàn mi, àgbọ́ìgbọ́tán ló ń dájà sílẹ̀. Ohun tí ò bá yé yín lẹ́nu ọ̀rẹ́, ẹ béèrè kí ẹ tó sọ ọ́ di ọ̀tá. Ta ni irú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí rí? Ẹ sọ ọ́ síbí, kí n má dá òpè ṣe.

Ẹ̀yin tí ẹ sì gbọ́ Ìjọ̀, mo bẹ̀ yín: tí mo bá dé ẹnu ọ̀nà Preye, báwo ni mo ṣe máa sọ "má bínú"?