Ìrìn-Àjò Wákàtí Mẹ́fà Lọ́dún Àjàkálẹ̀ Àrùn

Ṣọ́ọ̀bù Bàbá Aláago kò ju ibi tí ènìyàn méjì lè jókòó sí lọ, ṣùgbọ́n aago tó wà lára ògiri rẹ̀ lé ní ogójì, kò sì sí méjì nínú wọn tó fẹnu kò. Bí oníbàárà bá bi í pé aago mélòó ló lù, ojú oòrùn ni yóò yọjú wò lójú fèrèsé.

Lọ́dún tí àjàkálẹ̀ àrùn dé, tí tọmọdé tàgbà ń fi ìbòmú rìn, ọmọ ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin ni. Ara rẹ̀ le, àfi àyà. Láti kékeré ni àyà rẹ̀ ti máa ń há, tí èémí rẹ̀ á máa dún bíi fèrè. Oògùn tó ń fà sẹ́nu kì í kúrò lápò rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló tọ́ ọ dàgbà. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni nígbà tí ìyá wọn kú, ẹ̀gbọ́n sì jẹ́ mẹ́tàdínlógún. Ẹ̀yìn rẹ̀ ló fi ń pọ̀n ọ́n lọ sílé ìwòsàn nígbàkígbà tí àyà náà bá dé. Lókè òkun ni ẹ̀gbọ́n ń gbé báyìí lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ọdún mẹ́sàn-án sì ni wọn kò ti fojú kan ara wọn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, fóònù dún.

“Àbúrò, wọ́n ní ilẹ̀kùn kan nínú ọkàn mi ti gbó. Wọ́n fẹ́ là mí kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún sí òní ni. Mi ò ní kí o wá o. Mo kàn fẹ́ kí o gbọ́ ọ lẹ́nu mi.”

“Mi ò ní kí o wá” yẹn gan-an ló pè é.

Ọkọ̀ òfurufú ṣẹ̀ṣẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í fò nígbà náà, wákàtí mẹ́fà sì ni ìrìn-àjò ọ̀hún. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà síwájú ìyàwó rẹ̀. Ìyàwó ní, “Bí ẹ ò bá lọ, ẹ̀yin ò ní sùn. Bí ẹ bá lọ, èmi ò ní sùn. Ẹ̀yin ẹ yan ẹni tí ẹ fẹ́ kó pàdánù oorun.”

Ó lọ bá dókítà tó ń tọ́jú àyà rẹ̀. Ìyẹn kò ní kó lọ, kò sì ní kó má lọ.

“Bàbá, mi ò lè gbé ewu náà sórí òṣùwọ̀n kí n sọ fún yín pé bó ṣe wúwo tó rèé,” ni dókítà wí. “Atẹ́gùn inú ọkọ̀ náà kọ́ ni mò ń bẹ̀rù jù, wọ́n ń sẹ́ ẹ, wọ́n sì ń pààrọ̀ rẹ̀. Orí ìlà ni mò ń bẹ̀rù, àti ìgbà tí èrò bá ṣí ìbòmú láti jẹun, àti ẹni tó bá jókòó tì yín. Bó bá sì mú yín, àyà yìí ò ní jẹ́ kó rọrùn.”

Bàbá Aláago padà sí ṣọ́ọ̀bù, ó ń rò ó sọ́tùn-ún, ó ń rò ó sósì. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, yà kí i níbẹ̀ lọ́jọ́ kejì.

“Bàbá mi,” ni ọmọ wí, “gbogbo ìṣirò yín, ti ara yín nìkan ni. Bí ẹ bá gbé àrùn yìí dé ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n yín ńkọ́? Ẹni tí wọ́n fẹ́ la àyà rẹ̀?”

Bàbá gbé irin iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. Kò ronú kan ibẹ̀ rárá. Odidi ọjọ́ mẹ́ta ni kò fi mẹ́nu kan ìrìn-àjò mọ́.

Lọ́jọ́ kẹrin, ó pe ọmọ rẹ̀. Ó ní òun ti rí i pé kò sí bí wọ́n ṣe lè ṣe é tí ewu ò ní sí níbẹ̀. Ohun tó kù ni kí òun rí i dájú pé orí òun nìkan ni ewu náà wà. Òun á tètè lọ, òun á gba yàrá kan nítòsí ilé ẹ̀gbọ́n, òun á sì dá gbé ọ̀sẹ̀ méjì gbáko kí òun tó súnmọ́ ọn.

Ọmọ ní, “Ó dáa. Ẹ wọ ọkọ̀ tó ń lọ tààrà, kẹ́ ẹ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ẹ má sì jẹ nǹkan kan nínú ọkọ̀.”

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tó jókòó tì í kì í gbé ẹnu dákẹ́, ìbòmú rẹ̀ sì ti di ìbò-àgbọ̀n.

“Arákùnrin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé e sókè. Àyà mi ò dáa.”

Ọkùnrin náà tọrọ àforíjì, ó gbé e sókè. Kò pẹ́, ó tún já wálẹ̀. Bàbá kọjú sí fèrèsé, ó ń wo ìkùukùu.

Bẹ́ẹ̀dì kan, tábìlì kan àti kẹ́tùlù ló wà nínú yàrá tó gbà. Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ a máa gbé oúnjẹ sẹ́nu ọ̀nà, á kan ilẹ̀kùn, á sì bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kẹrin, Bàbá po tíì, kò gbóòórùn rẹ̀. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ara rẹ̀ ti gbóná. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, àrùn náà ti wọlé sí i lára.

Ẹ̀rù bà á, kí a má purọ́. Fún ọjọ́ mẹ́ta, èémí rẹ̀ ń dún fín-ín fín-ín, ó ń fa oògùn, ó sì ń bi ara rẹ̀ bóyá ìgboyà ni òun fi ṣe é àbí agídí. Àràárọ̀ ni ẹ̀gbọ́n ń pè.

“Ṣé o ti mumi? Má dùbúlẹ̀ gbalaja, dìde jókòó. Ó yá, mí sínú. Jẹ́ kí n gbọ́. Mí síta.”

Àwọn méjèèjì á wá jọ máa mí lórí fóònù, aláìsàn ń tọ́jú aláìsàn.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin ni mo wá tọ́jú o.”

“Mo rí i,” ni ẹ̀gbọ́n wí. “O kú iṣẹ́.”

Ibà náà lọ. Nígbà tó fi máa pé ogúnjọ́ tó ti dé, dókítà ní ara rẹ̀ ti mọ́. Ọ̀la sì ni ẹ̀gbọ́n máa wọlé ìwòsàn, níbi tí wọn kò ti gba àlejò láyè. Bàbá kò gun òkè lọ bá a. Kò fẹ́ fi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dán ọ̀rọ̀ dókítà wò. Òdìkejì títì ló dúró sí. Ẹ̀gbọ́n yọ sí fèrèsé òkè pẹ̀lú ọ̀pá lọ́wọ́. Wọ́n juwọ́ síra wọn títí ọwọ́ fi ro wọ́n.

Láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́ ni iṣẹ́ abẹ náà gbà. Ọmọ ẹ̀gbọ́n ló pè é: “Wọ́n ti jí. Omi ni wọ́n kọ́kọ́ bèèrè.” Bàbá Aláago jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó sunkún díẹ̀, ó sì lọ bọ́jú.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án, ẹ̀gbọ́n padà sílé. Ìgbà yẹn ló tó wọ yàrá tọ̀ ọ́. Obìnrin náà wò ó láti òkè délẹ̀.

“Ìwọ rèé? O ti dàgbà ju ti inú fóònù lọ.”

Ọmọ rẹ̀ nọ́ọ̀sì bi í lórí fóònù nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà bóyá ó lè gba ẹlòmíràn níyànjú pé kó ṣe bíi tirẹ̀. Bàbá ní rárá. “Mo lọ, kò pa mí. Ìyẹn ò ní kó má pa ẹlòmíì.”

Ó tún lo ọ̀sẹ̀ mẹ́fà níbẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó di apá ẹ̀gbọ́n mú ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ: ìṣísẹ̀ mẹ́wàá lónìí, méjìlá lọ́la. Bó bá fẹ́ fà á síwájú, ẹ̀gbọ́n á dúró, á gbá a lọ́wọ́.

“Rọra. Kò sẹ́ni tó ń lé wa.”