Ibo Lèyí Ti Ń Tọ̀?

Èmi ni mo gbé Linux, ètò ọ̀fẹ́ kan tó ń darí kọ̀ǹpútà, sórí kọ̀ǹpútà bàbá mi. Kò sẹ́ni tó bẹ̀ mí. Àwọn tó ń tọ́jú kọ̀ǹpútà ní ọ́fíìsì wa l'Ékòó ló kọ́ mi díẹ̀díẹ̀, ẹni tó bá sì ti mọ díẹ̀ nínú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kì í gbélé mọ́. Mo sọ fún bàbá mi pé Linux ló máa rọrùn jù fún un, nítorí pé mo lè to bọ́tìnnì rẹ̀ kí àmì ohùn àti àmì ìsàlẹ̀ wà níbi tí ìka rẹ̀ ti lè tètè débẹ̀. Yorùbá ló fẹ́ máa fi kọ̀wé, kò sì fẹ́ kọ Yorùbá tí kò lámì.

Ẹ̀rọ ọkọ̀ ojú omi ni bàbá mi ń tún ṣe ní etí ọ̀sà ní Ẹ̀pẹ́. Ó ṣe é ju ogójì ọdún lọ. Nígbà tí orúnkún kò jẹ́ kó lè máa wọ omi mọ́, àwọn ọlọ́kọ̀ ní kó jọ̀ọ́, kó kọ ohun tó mọ̀ sílẹ̀, nítorí pé àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ náà báyìí kò mọ̀ ju kí wọ́n yọ èyí tó bàjẹ́, kí wọ́n fi tuntun sí i. Inú rẹ̀ dùn. Ó ra gíláàsì ojú tuntun. Mo bá a ra kọ̀ǹpútà alápòótí kan tó ti wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn tẹ́lẹ̀, mo gbé e ka orí tábìlì ní pálọ̀ wọn lẹ́bàá Ọjà Olúwo, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka méjì tẹ ìwé ẹ́ńjìnnì rẹ̀.

Kò tíì pé oṣù méjì tó fi pè mí.

"Ìyá mi," ó ní, bó ṣe máa ń pè mí nìyẹn, "kọ̀ǹpútà yìí ń ro àròjinlẹ̀ kó tó dá mi lóhùn. Mo lè tẹ lẹ́tà kan, kí n bu omi mu, kó tó jáde."

Mo rẹ́rìn-ín. Ní ọjọ́ Sátidé mo gba ọ̀nà Ìtòikín lọ sí Ẹ̀pẹ́. Mo bá kọ̀ǹpútà náà nínú aṣọ tuntun. Aránṣọ ni màmá mi, ó sì ti rán ẹ̀wù fún àpótí náà láti inú aṣọ kọ́tìnnì tó nípọn, ó fi aṣọ ṣíṣẹ́po tí wọ́n ń pè ní rọ́fù sí etí rẹ̀ yíká, ó ṣí ojú kékeré kan sílẹ̀ níwájú fún bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń tàn án. Ó ní eruku àti èéfín ẹja tó ń fẹ́ wá láti ọjà kò ní jẹ́ kó pẹ́ láyé. Mo ní ó rẹwà, ó sì rẹwà lóòótọ́.

Mo tẹ lẹ́tà kan. Òótọ́ ni bàbá mi sọ, ó lọ́ra. Mo wo gbogbo iṣẹ́ tí kọ̀ǹpútà náà ń ṣe lábẹ́lẹ̀, kò sí èyí tó wúwo níbẹ̀. Mo yọ gbogbo oge tó wà lójú rẹ̀ kúrò. Kò yí padà. Mo ní kò sí wàhálà, màá gbé àpótí náà lọ sílé mi ní Ìkòròdú. Màmá mi bọ́ ẹ̀wù rẹ̀, ó ká a, ó ní aṣọ òun kò lọ sí Ìkòròdú o.

Nígbà tí mo tan kọ̀ǹpútà náà nílé mi, ńṣe ló ń sáré bí ẹni tí wọ́n ń lé. Mo tẹ lẹ́tà kan, ó jáde. Mo tẹ ogún, ogún jáde. Síbẹ̀ mo pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, mo tún gbé Linux sí i láti ìbẹ̀rẹ̀, mo dá a padà. Mo fi han bàbá mi fún bí ìdajì wákàtí, gbogbo wa yọ̀, mo jẹun, mo lọ. Lọ́jọ́ kejì ó pè mí pé ó tún ti bẹ̀rẹ̀. Mo lọ gbé e. Mo pààrọ̀ dísìkì tó ń kó nǹkan pamọ́ sí. Ó tún sáré ní Ìkòròdú. Mo dá a padà, kò ju ọjọ́ kan lọ, fóònù tún dún.

Ìdúró ni mo wà ní Ìkòròdú Gáráàjì nígbà tí ìpè kẹta yẹn wọlé. Mo ti ibi iṣẹ́ dé, bàtà ń há mi lẹ́sẹ̀, kẹ̀kẹ́ Márúwá mẹ́ta ti kọjá mi láìdúró, àgbèrò kan sì ń pariwo sí mi létí bí ẹni pé èmi ni mo jí mọ́tò rẹ̀. Inú mi kì í pẹ́ ru, gbogbo ilé wa ló mọ̀.

Mo ní, "Bàbá mi, kò sí nǹkan kan tó ṣe kọ̀ǹpútà yẹn. Lọ́dọ̀ mi níbí, ó ń sáré. Ẹ̀yin lẹ ń gbàgbé ohun tí mo kọ́ yín. Ẹ̀yin lẹ ń lọ́ra."

"Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, ìyá mi," ó ní. "Má bínú."

Mo wọ kẹ̀kẹ́, mo lọ sílé.

Lẹ́yìn ìyẹn kò pè mí mọ́ lórí ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà. Mo tilẹ̀ ń yin ara mi pé ó ti wá ń fara balẹ̀ lò ó. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí màmá mi tó pè mí, tó sì ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ bí ẹni tó sá pamọ́ sí bálùwẹ̀.

"Bàbá rẹ kò fọwọ́ kan nǹkan yẹn mọ́ o," ó ní. "Tó bá kírun tán, á jókòó, á máa ka orúkọ gbogbo nǹkan inú ẹ́ńjìnnì sí ara rẹ̀ létí, bí ọmọ tó ń kọ́ ábídí. Lánàá ó ní kí n bi òun ní orúkọ àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n òun, bóyá òun á mọ̀ wọ́n tán. Ó ní bí ti ẹ̀gbọ́n òun ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn."

Mo mọ ẹ̀gbọ́n náà. Ọ̀rọ̀ ló kọ́kọ́ ń wá tì lẹ́nu, a fi ṣe yẹ̀yẹ́. Kó tó kú, ó ń bi ìyàwó rẹ̀ léèrè ilé tó ti wá. Bàbá mi ló ń wẹ̀ fún un títí tó fi lọ. Kò sí nǹkan tó tún ń ba bàbá mi lẹ́rù láyé yìí ju kí orí òun náà dà bẹ́ẹ̀, èmi ọmọ rẹ̀ sì ti ti ẹnu mi sọ fún un pé ó ti bẹ̀rẹ̀. Ó dùn mí dé inú egungun.

Ní Sátidé, kò tíì tó aago mẹ́wàá tí mo fi dé Ẹ̀pẹ́. Mo ní kí bàbá mi wá jókòó, kó tẹ̀wé, kí n kàn máa wò ó. Kò fẹ́. Mo bẹ̀ ẹ́. Nígbà tó jókòó, mo rí i pé ìka rẹ̀ kò ṣe àṣìṣe kankan. Ó tẹ lẹ́tà, lẹ́tà kò jáde, ó dúró, ó rò pé òun kò tẹ̀ ẹ́ dáadáa, ó tún un tẹ̀, ìgbà náà ni méjèèjì já lu ara wọn lójú kọ̀ǹpútà. Ohun tí mo pè ní ìgbàgbé nìyẹn. N kò tíì jókòó ti bàbá mi rí kí n wo bó ṣe ń ṣe é. Kọ̀ǹpútà nìkan ni mò ń wò láti ọjọ́ yìí.

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ó ti na ọwọ́, ó fi àtẹ́lẹwọ́ lé orí àpótí náà, lórí aṣọ. Ó fi síbẹ̀ pẹ́. Lẹ́yìn náà ó yíjú sí mi, ó ní:

"Ibo lèyí ti ń tọ̀?"

Èmi àti màmá mi wo ara wa. "Subuhánálláhì," màmá mi ní, ó sì fọwọ́ bo ẹnu. Mo rò pé ó ti tán, ohun tí a ń sá fún ti dé.

"Bàbá mi," mo rọra dáhùn, "kọ̀ǹpútà kì í tọ̀."

"Mo mọ̀ pé kì í tọ̀!" Ó jágbe mọ́ mi, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ohùn rẹ̀ jọ ti tẹ́lẹ̀ láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. "Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ń mu omi ọ̀sà láti fi tu ara rẹ̀ lára, á sì máa tọ̀ ọ́ jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí ọ̀rá náílọ́ọ̀nù bá dí i lẹ́nu, kò ní rí omi mu, kò ní tọ̀, ara rẹ̀ á gbóná. Èyí tó bá gbọ́n nínú wọn á dín ìsáré ara rẹ̀ kù kó má baà jóná. O lè fún un ní gbogbo epo tó wà ní Ẹ̀pẹ́, kò ní sáré. Nǹkan yìí gbóná. Mo ní, ibo ló ti ń tú ooru rẹ̀ dà nù?"

Ẹ̀yìn ni. Ihò tó ń tú ooru jáde wà lẹ́yìn, abẹ́ rọ́fù màmá mi gan-an. Mo fa aṣọ náà kúrò, ooru sì lù mí lójú bí ìgbà tí èèyàn ṣí ìkòkò. Gbogbo ìgbà tí mo gbé àpótí náà lọ sí Ìkòròdú, ìhòòhò ló ń lọ. Gbogbo ìgbà tó bá padà dé, màmá mi á wọ ẹ̀wù fún un. N kò wo bó ṣe gbóná tó rí, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, bẹ́ẹ̀ Linux ń kọ ọ́ síbi téèyàn ti lè rí i. Mo ṣí i báyìí, a jọ ń wo nọ́ńbà náà bó ṣe ń bọ̀ wá sílẹ̀. Bàbá mi kò gbójú kúrò lára rẹ̀.

"Eruku ni mo ń bá jà o," màmá mi ní. "Ẹ má wá sọ pé èmi ni."

Bàbá mi tẹ lẹ́tà kan, ó jáde. Ó tẹ odidi ìlà kan, gbogbo rẹ̀ tẹ̀ lé ìka rẹ̀, àmì orí, àmì ìsàlẹ̀. Ó bọ́ gíláàsì rẹ̀, ó fi etí jalábíà nu ojú.

"Kì í ṣe èmi," ó ní. Kì í ṣe àwa ló ń bá sọ̀rọ̀. "Kì í ṣe èmi."

Mo kúnlẹ̀. Mo ní kó dárí jì mí, ọ̀rọ̀ tí mo sọ ní Gáráàjì, orí ìbínú ni mo ti sọ ọ́.

"Ìwọ lo mọ kọ̀ǹpútà," ó dá mi lóhùn. "Nígbà tí o sọ ọ́, mo gbà ọ́ gbọ́." Ó ní kí n dìde. Ìgbà náà ló sọ ìyókù. Àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ kò sí nílé mọ́. Ó ti gbé e fún ọ̀kan nínú àwọn tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ láyé ọjọ́sí, ọ̀gá ni òun náà báyìí ní Ìjẹ̀dẹ́; bàbá mi ní kí òun má baà gbàgbé nǹkan kan sínú ẹ́ńjìnnì lọ́jọ́ kan, kí ó pa èèyàn sórí omi.

Ọ̀sán ọjọ́ náà la lọ sí Ìjẹ̀dẹ́. Kò jẹ́ kí n pè é ṣáájú. Ọkùnrin náà ti hu irùngbọ̀n funfun díẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú epo ẹ́ńjìnnì, ó gbé àga wá, ó ra omi tútù. A jókòó. Bàbá mi ń bèèrè àwọn ọmọ, ó ń bèèrè iṣẹ́, ó ń wo omi, kò lè sọ ohun tó gbé e wá. Ojú ń tì í láti gba ohun tó ti fi tọrẹ. Mo la ẹnu láti jẹ́wọ́ pé èmi ni mo fà á. Ó fọwọ́ kàn mí lórúnkún.

"Ọmọ mi yìí wá yẹ̀ mí wò lónìí," ó sọ fún ọkùnrin náà. "Ó fara balẹ̀ yẹ̀ mí wò. Ó ní kò sí nǹkan kan tó ṣe orí mi. Mo wá gba àpótí mi."

Ọkùnrin náà wò mí, omi lé ròrò sí i lójú.

"Ẹ ṣeun, Àǹtí," ó ní. "Ẹ ṣeun gan-an ni. Ẹ̀rù ti bà wá."

Mo ní, "Kò tọ́pẹ́." Ojoojúmọ́ layé ni mò ń sọ ọ́, ọjọ́ yẹn nìkan ló jẹ́ òótọ́.