Verna Quigley Jókòó Lé Okùn

Ẹni tó bá fẹ́ rí ìbínú Verna Quigley, kó sọ fún un pé àjálù ló pa Clem. Ojú mi báyìí ló ṣe tó da tíì gbígbóná sílẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ yẹn, tó jáde kúrò nílé oúnjẹ mi, tó sì fi páì rẹ̀ sílẹ̀ lórí tábìlì. Ó ti tó ogún ọdún tí mo ti ń ta epo àti oúnjẹ ní Wirraby, níbi tí ọ̀nà ọ̀dà parí sí tí òkìtì iyanrìn bẹ̀rẹ̀, n kò sì tíì rí ẹni tí inú ń bí tó obìnrin yìí. Nígbà tí ìdí rẹ̀ kò tíì yé mi, mo máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ fún àwọn oníbàárà mi. Ní báyìí, èmi gan-an ni inú ń bí.

Clem ni àbúrò rẹ̀ ọkùnrin. Ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, ọkọ̀ Clem rì sínú iyanrìn, Verna sì fi ọkọ̀ tirẹ̀ lọ fà á yọ. Okùn pẹlẹbẹ tó ń nà bíi rọ́bà ni wọ́n lò, irú èyí tí gbogbo wa níbí fẹ́ràn jù. Ẹni tó ń fa ọkọ̀ á sáré síwájú, okùn á nà, bó bá sì ti fẹ́ ká padà ni yóò já èyí tó rì gbà. Kò sóhun tó ṣe okùn náà. Ibi tí wọ́n so ó mọ́ ni ọ̀rọ̀ wà. Bọ́ọ̀lù irin kan máa ń wà nídìí ọkọ̀ wa, tó tó ẹ̀kúnwọ́, tí a ń gbé ẹnu tirélà, ìyẹn ọkọ̀ ẹrù kékeré tí kò ní ẹ́ńjìnnì, lé bí a bá fẹ́ wọ́ ọ. Ara bọ́ọ̀lù yẹn ni Verna fi ojú okùn kọ́. Wọn kò ṣe bọ́ọ̀lù tirélà fún ìfà òjijì. Ó kán, okùn tó ti nà sì gbé e padà sẹ́yìn, ó la gíláàsì iwájú ọkọ̀ Clem kọjá. Clem kú síbi tó jókòó sí, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lórí sítiárìn.

Wọ́n ní àjálù ni. Ọlọ́pàá sọ bẹ́ẹ̀, àlùfáà tún un sọ níbi ìsìnkú, ìyàwó Clem sì dì mọ́ Verna pé kó má ṣe dá ara rẹ̀ lẹ́bi. Kò sẹ́nì kankan tó bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo. Ìṣe wa nìyẹn. Bí èèyàn bá dúró ràn ọ́ lọ́wọ́ nínú iyanrìn, o kò ní í bi í bó ṣe so okùn rẹ̀. Wàá dúpẹ́, wàá fún un ní bíà tútù kan, ó parí. Ẹni tó bá ń da ìbéèrè bo olùrànlọ́wọ́, aláìmoore ni, orúkọ rẹ̀ á sì bàjẹ́ káàkiri ìlú. Èèyàn mẹ́rin ló wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí Clem kú. Méjì nínú wọn rí bọ́ọ̀lù yẹn, wọ́n sì mọ̀ pé kò dáa, ṣùgbọ́n wọ́n panu mọ́ kí wọ́n má bàa dà bí ẹni tó ń kọ́ Verna níṣẹ́. Mo mọ àwọn méjèèjì. Wọ́n ṣì ń ra epo lọ́wọ́ mi.

Látìgbà yẹn ni Verna ti di ẹni tí àwọn èèyàn ń sá fún. Ó ń gbé lẹ́tà lọ fún àwọn olóko nígbà náà, ibikíbi tó bá sì ti bá okùn pàdé, á dá ọkọ̀ dúró. Lẹ́yìn tó fẹ̀yìn tì, ibi tí mo ti ń ta epo ló sọ di ọ́fíìsì rẹ̀.

"Okùn yín dà?" Báyìí ló ṣe kí ọkùnrin kan tó wá láti ìlú ńlá Adelaide.

"Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

"Mo fẹ́ wò ó ni. Àbí ẹ jí i?"

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó fà á jáde. Verna fi ìka tọ etí okùn náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. "Ẹ wo ibí, ó ti ń já. Iyanrìn kún inú ẹ̀. Ìgbà wo lẹ fọ̀ ọ́ gbẹ̀yìn?"

"Wọ́n máa ń fọ okùn ni?"

"Ẹ̀yin náà máa ń wẹ̀, àbí ẹ kì í wẹ̀? Iyanrìn tó wà nínú ẹ̀ ló ń gé e díẹ̀díẹ̀. Ẹ fi eléyìí so ajá, ẹ lọ ra òmíì. Kí agbára tí wọ́n kọ sí i lára tó ìlọ́po méjì ìwọ̀n ọkọ̀ yín, kó má ju ìlọ́po mẹ́ta lọ. Tó bá kéré, á já. Tó bá le jù, kò ní nà, ọkọ̀ yín ló máa ya. Ẹ má sì ra èyí tí kì í nà, ti ẹ̀rọ tó ń rọra ká okùn wọ́ ọkọ̀ nìyẹn. Ẹ ò sì gbọdọ̀ fi irin so okùn méjì pọ̀. Ṣé ẹ gbọ́?"

"Mo gbọ́, mọ́mì."

"Èmi kọ́ ni mọ́mì yín."

A máa ń rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wa. Mo tiẹ̀ fún un lórúkọ ìnagijẹ, Ọ̀gá Okùn, orúkọ náà sì tàn kálẹ̀. Ojú ń tì mí láti kọ ọ́ síbí.

Nígbà ìsinmi iléèwé oṣù keje tó kọjá, Leanne ọmọ rẹ̀ wá sí Wirraby pẹ̀lú ọkọ rẹ̀ Garth, Tahlia ọmọ wọn tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, àti àwọn ọ̀rẹ́ Garth kan. Ní Sátidé, gbogbo wa lọ yan ẹran lórí òkìtì. Èmi ni mo gbé sọ́séèjì lọ. Tahlia ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọkọ̀ wíwà, òun ló wa ọkọ̀ ìyá rẹ̀, ó sì rì sísàlẹ̀ òkìtì, iyanrìn mu táyà iwájú méjèèjì. Àwọn ọkùnrin pariwo, wọ́n pàtẹ́wọ́. Garth fi ẹ̀yìn ọkọ̀ ńlá rẹ̀ rìn dé iwájú ti ọmọ rẹ̀, ó ju okùn sílẹ̀, ó fi ojú rẹ̀ kan kọ́ iwájú ọkọ̀ ọmọ náà, ó sì fi ojú kejì kọ́ bọ́ọ̀lù tó wà nídìí ọkọ̀ tirẹ̀.

Mo rí i. Ibi tí mo dúró sí kò tó ogún ìṣísẹ̀, fọ́ọ̀kì tí mo fi ń yí ẹran wà lọ́wọ́ mi. Mo mọ ìtàn Clem látòkèdélẹ̀. N kò sọ nǹkan kan. Mo rò ó lọ́kàn mi pé Garth kì í ṣe ọmọdé, pé ọmọ rẹ̀ ni, pé ta ni mí.

Verna ló dé kẹ́yìn. Ó gun orí òkìtì, ó wo ìsàlẹ̀, ó sì sọ̀ kalẹ̀. Lẹ́ni ọdún méjìdínláàádọ́rin, ó rìn wọ àárín ọkọ̀ méjèèjì, ó sì jókòó lé okùn náà lórí iyanrìn.

"Garth, ìyá ìyàwó ẹ ti di ẹrù tó o máa fà o!" Trent ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀, gbogbo wọn sì bú sẹ́rìn-ín.

Verna ò wojú ẹ̀. "Yọ ọ́ kúrò lára bọ́ọ̀lù yẹn."

Garth yọjú láti inú ọkọ̀. "Verna, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde. Ìṣẹ́jú kan péré ni."

"Ìṣẹ́jú kan náà ló gbà lọ́jọ́sí."

"Àìmọye ìgbà ni mo ti ṣe é. Kò sóhun tó ṣẹlẹ̀ rí."

"Èmi náà ti ṣe é láìmọye ìgbà kó tó kan àbúrò mi."

Leanne sáré dé, ojú rẹ̀ ti pọ́n. "Mọ́mì, ẹ dìde ńlẹ̀. Ṣé ẹ ò rí i pé ẹ̀ ń dójú tì í lójú àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ ni?"

"Jẹ́ kí ojú tì í. Tahlia, jáde nínú ọkọ̀ yẹn."

Ọmọ náà yọ orí láti ojú fèrèsé, ẹkún ti fẹ́ gbọ̀n ọ́n. Nana ló ń pe ìyá àgbà rẹ̀. "Mi ò jáde! Nana, ẹ máa ń ba gbogbo nǹkan jẹ́. Gbogbo èèyàn ń wò wá!"

Garth jáde. Ó gbá ilẹ̀kùn ọkọ̀ dé. Ó wá dúró lé Verna lórí, iṣan ọrùn rẹ̀ yọ. "Torí pé o pa àbúrò ẹ, ṣé gbogbo wa lo fẹ́ fìyà ẹ̀ jẹ ni?"

Leanne fi ọwọ́ bo ẹnu. Èmi rò pé Verna á fò mọ́ ọn ni, àbí á sunkún. Ó gbójú sókè wò ó, ohùn rẹ̀ sì rọlẹ̀ lọ́nà tí n kò gbọ́ rí.

"O ṣeun," ló wí. "Láti ọgbọ̀n ọdún, ìwọ lẹni àkọ́kọ́ tó máa sọ ọ́ sí mi lójú. Bẹ́ẹ̀ ni, èmi ni mo pa á. Ibi tó o so okùn yìí mọ́ gan-an ni mo so tèmi mọ́. Wá tú u."

Garth ò mira. Èmi ni mo ju fọ́ọ̀kì sílẹ̀ tí mo lọ tú u. Bọ́ọ̀lù yẹn ń dán gbinrin nínú oòrùn, kò dípẹtà, kò sí ibi tó sán lára rẹ̀, ẹni tó bá wò ó á rò pé ó lè fa ilé.

Ìgbà yẹn ni Verna tó dìde. Ó ní ká gbẹ́ iyanrìn kúrò níwájú táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ká sì tú díẹ̀ nínú atẹ́gùn wọn sílẹ̀ títí ìdí wọn á fi tẹ́. Ó so okùn mọ́ ìkọ́ tí wọ́n fi bóòtù dè mọ́ egungun irin abẹ́ ọkọ̀, níwájú ti Tahlia àti lẹ́yìn ti Garth, ó da aṣọ wíwúwo bo àárín okùn kó má bàa fò bó bá já, ó sì lé gbogbo wa jìnnà, sí ẹ̀gbẹ́, ju gígùn okùn náà lọ dáadáa. Garth rọra fà. Ọkọ̀ náà jáde wọ́ọ́rọ́wọ́, okùn náà fẹ́rẹ̀ẹ́ má nà rárá.

"Ṣé ẹ rí i?" Garth sọ, ó ń ká okùn rẹ̀. "Kò sóhun tó ṣẹlẹ̀. Gbogbo ariwo yẹn, lórí asán."

Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mi orí pé òótọ́ ni. Inú bí mi gan-an. Kí ni obìnrin náà fẹ́ fi hàn wọ́n? Gíláàsì tí kò fọ́? Ọmọ tí kò kú? Wọ́n jẹun, wọ́n mu bíà, wọ́n sì padà sí Adelaide lọ́jọ́ kejì láìyà sílé Verna.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo gbé sílíńdà gáàsì lọ fún un. Ó ń pe Leanne lórí fóònù, ó sì gbé ohùn fóònù náà síta nítorí etí rẹ̀ tí kò gbọ́ dáadáa mọ́.

"Mọ́mì, Garth ṣì ń bínú," Leanne wí. "Ẹ ṣì fún wa láyè ná. Kérésì ọdún yìí, a ò tíì mọ̀ bóyá a máa wá."

"Tahlia ńkọ́?"

Kí Leanne tó fèsì, ohùn ọmọ náà ti dún láti ẹ̀yìn, kedere, tìbínú-tìbínú. "Ṣé Nana ni? Sọ fún un pé mi ò sí nílé!"

Fóònù kú. Orí mi gbóná. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tí mo máa sọ fún ọmọ yẹn bí mo bá rí i, fún bàbá rẹ̀, fún Trent, fún gbogbo ìlú yìí. Verna gbé ọwọ́ sókè.

"Merv, dákẹ́ ná. Ṣé o gbọ́ ohùn ẹ̀?"

Mo ní mo gbọ́ ọ.

"Èmi náà gbọ́ ọ. Ẹni tó wà láàyè ló ń bínú," ló wí, ó sì gbé fóònù náà mọ́ àyà.