Ikùn Alájì Sàká

Bọ̀dá Tájù, tó ń kọ àkọlé sára lọ́rì l'Ájégúnlẹ̀, ló ń kọ́ àwa ọmọ àdúgbò ní àwòrán yíyà ní gbogbo Sátidé. Òfin kan ṣoṣo ló ní: ohun tí o bá fojú ara rẹ rí ni kí o yà. Mo ya kìnnìún lọ́jọ́ kan. Ó ní, "Níbo lo ti pàdé ẹ̀, ní Kirikírì?" Ló bá fà á ya.

Lọ́dún 1991, a so àwọn àwòrán wa kọ́ sórí okùn aṣọ lágbàlá, gbogbo àdúgbò sì wá wò ó. Alájì Sàká, lanlọ́ọ̀dù wa, ni alága ọjọ́ náà. Ó ti tó oṣù mẹ́ta tó ti fi àgádágodo ti ẹ̀rọ omi ilé pa, ó ní ó ti bàjẹ́, a wá ń ra omi lọ́wọ́ mẹ́rúwà. Àmọ́ èmi ti rí Alájì ní kùtù òwúrọ̀. Bí mo ṣe rí i gan-an ni mo ṣe yà á: aṣọ ìnura nìkan ló ró, ó ń pọn omi nídìí ẹ̀rọ náà.

Alájì dúró síwájú àwòrán mi. Gbogbo ayálégbé rọ́ wá sẹ́yìn rẹ̀.

"Irọ́ ńlá!" ló pariwo. "Ikùn mi ò tóbi tó báyìí!"

Bọ̀dá Tájù dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ẹ má bínú, Alájì. Ikùn yẹn nìkan la máa tún yà."