Ohun Tí Ẹja Sùrájù Ń Jẹ

Ganiyat kì í fẹ́ kí nǹkan rú òun lójú. Láti kékeré ló ti rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tó wà lọ́mọdé ní Ògbómọ̀ṣọ́, bí ìyá rẹ̀ bá pa adìẹ, òun ni yóò lọ jókòó ti iwe àti ìfun rẹ̀, tí yóò máa fi ọwọ́ tú u wò kó lè mọ ohun tí adìẹ náà ṣà jẹ kẹ́yìn. Ìyá rẹ̀ á pariwo mọ́ ọn pé kó fọ nǹkan náà kó gbé e wá, òun á ní, "Ẹ dúró ná, màámi, òkúta wẹ́wẹ́ ló wà níbí. Kí ni adìẹ ń fi òkúta ṣe?" Ọ̀fíntótó ni àwọn ọmọ ilé ń pè é. Orúkọ náà kò dùn ún rárá.

Ó dàgbà, ó lọ́kọ, ó bá ọkọ rẹ̀ wá sí Èkó, Ìgandò ni wọ́n sì fìdí kalẹ̀ sí. Ọkọ rẹ̀, tó jẹ́ bíríkìlà, ti di olóògbé báyìí. Àwọn ọmọbìnrin wọn ti wà nílé ọkọ, Hamdalah tó jẹ́ àbíkẹ́yìn ló lọ gbẹ̀yìn. Ẹja yíyan ni Ganiyat fi tọ́ gbogbo wọn. Ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ló ti ń yan ẹja àrọ̀, nínú àgbá irin tí wọ́n gé lórí, tí wọ́n tẹ́ wáyà sí láàárín. Yóò ká ẹja náà kó rí roboto, yóò tò ó sórí wáyà, èéfín á sì máa rọra ṣiṣẹ́ lára rẹ̀ títí yóò fi pọ́n, tí yóò sì gbẹ. Àwọn tíṣà, àwọn nọ́ọ̀sì, àwọn ìyá tó ń fi ẹja ránṣẹ́ sí ọmọ lókè òkun, gbogbo wọn ló mọ ọ̀nà ilé Ìyá Hamdalah.

Ọwọ́ Sùrájù ló ti ń ra ẹja. Inú táńkì onísìmẹ́ńtì ni Sùrájù ti ń sin ẹja tirẹ̀, létí àbàtà tó wà lẹ́yìn Ìgandò lọ́hùn-ún. Wẹ́dà ni tẹ́lẹ̀ ní Ìdímù, kí ojú tó bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, tó fi iṣẹ́ iná sílẹ̀. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀, ẹja rẹ̀ sì máa ń dáa.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kan ni nǹkan yí padà. Ganiyat to ẹja sórí wáyà bó ṣe máa ń tò ó, ó ní kí òun lọ ṣe àlùwàlá. Ìgbà tó máa padà dé, iná ti là sókè lala. Òróró ló ń ro lára ẹja bọ́ sórí ẹ̀yinná, tí iná fi ń fò mọ́ wáyà. Ó sáré bu omi wọ́n ọn, ó yọ igi kúrò. Nígbà tí ẹja náà pọ́n tán, ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ wò, inú rẹ̀ ṣì rọ̀ bíi búrẹ́dì tí wọ́n kì bọ tíì.

"Àfàìmọ̀ kó má jẹ́ igi yìí ni," ló wí. Ó pààrọ̀ igi. Nígbà tó tún yan òmíràn, bákan náà ló rí.

Kò pẹ́ sígbà náà ni Ìyáàfin Olúfúnkẹ́ wá láti Ẹgbẹ́dá. Tíṣà ni, oníbàárà rẹ̀ sì ni láti ọjọ́ pípẹ́. Ó gbé ẹja kan tó wà nínú ọ̀rá dání, ó nà án sí Ganiyat.

"Ìyá Hamdalah, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbóòórùn nǹkan yìí. Mi ò bá ìjà wá o. Mo kàn ní kí ẹ fi imú ara yín gbọ́ ọ ni."

Ganiyat gbé e símú. Ẹja náà kò rà. Òórùn òróró tó ti pẹ́ nínú ìgò létí fèrèsé ló ń rùn. Ó bẹ Olúfúnkẹ́, ó fún un ní òmíràn láti inú èyí tó ti yan tẹ́lẹ̀. Àmọ́ nígbà tí obìnrin náà lọ tán, Ganiyat kò da ẹja yẹn nù. Ó jókòó sórí àpótí, ó ń ya á wẹ́wẹ́, ó ń wo àárín ẹran rẹ̀ bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́.

Nígbà tí Sùrájù kó ẹja tútù mìíràn wá, Ganiyat fara balẹ̀ la ikùn ọ̀kan. Ọ̀rá funfun ló yí ìfun rẹ̀ ká, ó ki bí òrí. Ó tún la àpò oúnjẹ rẹ̀, ó da ohun tó wà nínú rẹ̀ sínú àwo funfun, ó sì bu omi sí i. Èèpo tín-ín-tìn-ìn-tín kan léfòó, ó pọ́n, ó sì dúdú díẹ̀, ó ní oríkèé-oríkèé bí ìrèké. Nǹkan abẹ̀mí ló ni èèpo yìí! Ọkàn Ganiyat bẹ̀rẹ̀ sí í yára. Kì í ṣe ẹ̀rù ló bà á. Bí inú rẹ̀ ṣe máa ń rí nìyẹn tó bá ti fẹ́ rí ìdí ọ̀rọ̀.

Ó di èèpo náà sínú ọ̀rá, ó wọ bàtà, ó gba ọ̀dọ̀ Sùrájù lọ.

"Sùrájù, kí lò ń fún ẹja jẹ?"

"Fíìdì náà ni, màmá."

Ganiyat tú ọ̀rá, ó nà án sí i. Sùrájù wò ó, ó gbójú sílẹ̀.

"Ẹ má bínú, màmá. Ẹ jẹ́ ká lọ sẹ́yìn, kí n fi hàn yín."

Lẹ́yìn táńkì tó kẹ́yìn, abẹ́ páànù kan ló mú un lọ. Àwọn kẹ́ẹ̀gì ńlá tí wọ́n là sí méjì ló tò sílẹ̀ níbẹ̀, ó fi nẹ́ẹ̀tì bò wọ́n. Ganiyat ti fi gèlè bo imú, àmọ́ òórùn tó gbọ́ kò rí bó ṣe rò. Ó kan díẹ̀, bí ọtí ọ̀pẹ òyìnbó. Sùrájù ká nẹ́ẹ̀tì kúrò. Idin ni! Idin ló kún inú tòmátò tó ti bẹ́ àti èèpo èso tó ń lọ kó lọ́jà Ṣáṣá, wọ́n ń yí lu ara wọn, wọ́n sì ń dún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí òjò wínníwínní lórí ewé.

"Á'ùsùbillàhi," ni Ganiyat wí. Ṣùgbọ́n kò sún sẹ́yìn. Ó tẹ̀ síwájú. "Idin eṣinṣin ilé kọ́ nìyí. Ìwọ̀nyí ti tóbi jù."

"Rárá o. Eṣinṣin tirẹ̀ nìyí." Sùrájù nawọ́ sí ohun dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ kan lára nẹ́ẹ̀tì, tó jọ agbọ́n. "Kì í wọlé èèyàn, kì í sì í bà lé oúnjẹ, torí kì í jẹun."

"Kí ni kì í jẹun? Ta ni kì í jẹun láyé?"

"Kò ní ẹnu tó lè fi jẹun, màmá. Ìgbà tó wà ní idin ló ti jẹ oúnjẹ ayé ẹ̀ tán. Tó bá ti yọ ìyẹ́, kó gùn, kó yé ẹyin, kó kú, ó parí."

Ganiyat bú sẹ́rìn-ín. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ síbẹ̀, ó ń wò. Ó rí i pé àwọn idin tó ti gbó, tí awọ wọn ti dúdú, ń fà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ gun pákó tí Sùrájù fi ṣe ọ̀nà fún wọn, tí wọ́n sì ń fúnra wọn já sínú garawa. Ẹnikẹ́ni kò lé wọn. Sùrájù bu ìkúnwọ́ kan nínú garawa, ó dà á sínú táńkì, omi sì ru gùdù. Àwọn ẹja ń fò lé ara wọn lórí.

Sùrájù wá ṣàlàyé. Ó ní fíìdì tí òun ń rà tẹ́lẹ̀, ẹja wẹ́wẹ́ inú òkun ni wọ́n máa ń lọ̀ sínú rẹ̀, owó rẹ̀ sì ti kọjá agbára òun. Orí fóònù lòun ti rí ọ̀rọ̀ idin yìí, òun sì ti fi rọ́pò fíìdì pátápátá.

"Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

"Ẹ̀rù ló bà mí. Bí àwọn oníbàárà yín bá gbọ́ pé idin ni, ta ló tún máa ra ẹja?"

Ganiyat gan-an kò tíì mọ̀ bóyá òun á tún jẹ ẹ́.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, lẹ́yìn ìrun alásárì, ó dúró de Àfáà Jàfárù lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí, ó ro gbogbo rẹ̀ fún un. Àfáà fọwọ́ pa irùngbọ̀n.

"Kí ni àwọn idin ọ̀hún ń jẹ?"

"Èso tó bàjẹ́ ni, Àfáà. Kò sí ìgbẹ́, kò sí òkú ẹran níbẹ̀."

"Hẹn-ẹn. Àwọn onímọ̀ ti sọ̀rọ̀ lórí ẹran tó bá ń jẹ ẹ̀gbin. Wọ́n ní kí wọ́n mú un dúró fọ́jọ́ mélòó kan, kí wọ́n máa fún un ní oúnjẹ tó mọ́ kí wọ́n tó pa á. Ti ẹja yìí ò tiẹ̀ burú tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí Sùrájù ṣe é, kí ọkàn yín lè balẹ̀. Ẹ má sì fi pamọ́ fún ẹni tó ń rà á o."

Ganiyat dúpẹ́. Ó yí padà, ó tún dúró. "Àfáà, idin ọ̀hún fúnra ẹ̀ ńkọ́? Ṣé èèyàn lè jẹ ẹ́?"

"Ìyá Hamdalah! Ẹ jẹ́ n lọ wádìí ìyẹn wò ná."

Ìyẹn yanjú ìdajì ọ̀rọ̀. Ọ̀rá ara ẹja ló kù. Ganiyat rò ó pé bí idin bá lè fi ọ̀rá sínú ẹja tó bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé òróró ló kún inú idin. Ó rántí bí ìyá rẹ̀ ṣe máa ń fún òróró kúrò nínú ẹ̀pà kó tó fi ìyókù din kúlíkúlí. Ó sọ fún Sùrájù pé káwọn fún òróró kúrò nínú idin náà bíi ti ẹ̀pà. Sùrájù wò ó bíi pé orí rẹ̀ ti yí, àmọ́ ó gbà.

Èyí tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe kò jọ nǹkan kan. Tútù ni wọ́n gún un, ó di ọbẹ̀ mọ́ wọn lọ́wọ́, àwọn méjèèjì sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bì. Nígbà kejì, wọ́n da omi gbígbóná lé e, wọ́n sá a gbẹ, wọ́n yan án nínú agbada, kí wọ́n tó gún un, kí wọ́n sì fi òkúta tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ nínú àpò. Òróró bẹ̀rẹ̀ sí í ro tó! tó! tó! sínú abọ́. Ganiyat pàtẹ́wọ́ bí ọmọdé.

Sùrájù po ìyókù mọ́ ìyẹ̀fun sóyà, ó fi ẹ̀kọ gbígbóná lẹ̀ ẹ́ pọ̀, ó lọ̀ ọ́ nínú ẹ̀rọ ìlọta, ó sì sá a. Ó jù ú sínú táńkì. Ó fọ́ yángá, omi dàrú bí omi ìfọ̀gaàrí, ẹja mélòó kan sì kú sí i. Inú Sùrájù bàjẹ́ gan-an, ó ní òun ò ṣe mọ́. Ganiyat ni kò jẹ́ kó fi í sílẹ̀. "Ẹ̀kọ rẹ ni kò ki. Sè é kó le."

Wọ́n sè é kó le, kò sì fọ́ mọ́. Ganiyat tún ní òun fẹ́ mọ ìyàtọ̀, kí Sùrájù fi táńkì kan sílẹ̀ fún idin nìkan bíi ti tẹ́lẹ̀, kó máa fún òmíràn ní àpòpọ̀ idin tí wọ́n ti fún òróró rẹ̀, sóyà àti fíìdì díẹ̀. Ní gbogbo àsìkò òjò yẹn, kò sí ọ̀sẹ̀ tí kò lọ wò wọ́n. Yóò na ẹja sórí pákó, yóò fi ìbú ọwọ́ wọ̀n ọ́n. Àwọn tó ń jẹ idin nìkan yọkùn, àmọ́ wọn ò gùn. Àwọn tó ń jẹ àpòpọ̀ ta wọ́n yọ.

"Kí lo rò pé idin ò ní, tí sóyà àti fíìdì ní?" ló bi Sùrájù.

"Mi ò mọ̀ ọ́n, màmá."

"Èmi náà ò mọ̀ ọ́n. Àmọ́ ó wà níbẹ̀."

Nígbà tí ẹja tó yíyan, Sùrájù kó wọn sínú táńkì tí omi rẹ̀ mọ́, ó fún wọn ní fíìdì nìkan fọ́jọ́ díẹ̀ bí Àfáà ṣe wí. Ganiyat wá to méjèèjì sórí wáyà kan náà, ó jókòó tì wọ́n. Apá kan ń ro, iná ń fò mọ́ ọn. Apá kejì dákẹ́, ó ń pọ́n díẹ̀díẹ̀. Ó ya nínú èyí tó dákẹ́ náà, ó ṣe bísímílà, ó fi sẹ́nu. Ó le, ó dùn, kò sì ní òórùn kankan lẹ́yìn. Ó jẹ ẹ́ títí dé egungun.

Nígbà náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tí ẹja náà ń jẹ fún àwọn oníbàárà. Kò rọrùn. Nọ́ọ̀sì kan ní kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, ó bá tirẹ̀ lọ, kò sì padà wá títí dòní. Ìyáàfin Olúfúnkẹ́ dá ẹja tó ti mú lọ́wọ́ padà sínú agbọ̀n, ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó ní ó dàárọ̀. Ọkàn Ganiyat bàjẹ́ sí ìyẹn ju ti nọ́ọ̀sì lọ.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, Olúfúnkẹ́ tún yọ. "Ìyá Hamdalah, nǹkan yẹn ò kúrò lọ́kàn mi. Ẹ mú mi lọ síbẹ̀."

Ganiyat mú un lọ. Olúfúnkẹ́ dúró jìnnà lákọ̀ọ́kọ́, ó di imú, lẹ́yìn náà ó sún mọ́ kẹ́ẹ̀gì, ó bẹ̀rẹ̀, kò sì mọ ìgbà tó ju ọwọ́ sílẹ̀ kúrò nímú. Ó bèèrè ìbéèrè títí Sùrájù fi làágùn. Níkẹyìn ó dìde.

"Ẹja inú odò tí à ń jẹ nílé wa ní kékeré, kí ni wọ́n máa ń jẹ ná?"

"Kò sẹ́ni tó bi wọ́n," ni Ganiyat dáhùn.

Olúfúnkẹ́ rẹ́rìn-ín. "Ẹ yan méjì fún mi, kó gbẹ dáadáa. Màá sọ fún ọkọ mi o, àmọ́ ó di ìgbà tó bá jẹun tán."

Ganiyat àti Olúfúnkẹ́ ti ń bọ̀ lójú ọ̀nà nígbà tí Ganiyat rí ewé wẹ́wẹ́ kan lójú omi àbàtà, ó kéré bí ẹ̀wà tí wọ́n là, ó sì tẹ́ lọ rẹrẹ bí ẹní. Pẹ́pẹ́yẹ kan ń fi àgógó gbá a jẹ. Ganiyat dúró. Ó ká ìró sókè, ó wọ ẹrẹ̀, ó fi ọwọ́ bù ú.

"Sùrájù!" ló ké sẹ́yìn. "Wá wo nǹkan yìí! Ṣé ẹja ń jẹ ẹ́?"