Páálí Ṣúgà Tí Mo Jókòó Lé

Ọmọ mi gbọn páálí ṣúgà wò lónìí, ìró rẹ̀ sì gbé mi padà sí ọ̀sán ààwẹ̀ kan ní Èjìgbò.

Ìyá àgbà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ oògùn àtọ̀gbẹ tí ọmọ wọn fi ránṣẹ́ láti Àbíjàn. Wọ́n gbé e mì ní sààrì, wọ́n sì gbààwẹ̀. Kí bàbá mi tó lọ sóko, wọ́n gbé páálí ṣúgà fún mi: "Bí Ìyá bá bẹ̀ ọ́, o ò gbọdọ̀ fún wọn."

Lẹ́yìn ìrun àílà, òógùn bo Ìyá àgbà. Ọwọ́ wọn ń gbọ̀n bí ẹni òtútù mú, bẹ́ẹ̀ oòrùn ń ta lórí páànù. Orúkọ ẹlòmíràn ni wọ́n fi ń pè mí.

"Fún mi ní ṣúgà, jọ̀ọ́."

"Ẹ̀ ń gbààwẹ̀, Ìyá. Bàbá sì ní n má fún yín."

Mo jókòó lé páálí náà, mò ń sunkún. Wọn ò bẹ̀ mí rí. Kí ló wá dé? Nígbà tó yá, wọ́n dákẹ́. Mo rò pé oorun ni, mo ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ wọn.

Bàbá mi dé, wọ́n pe Ìyá títí, Ìyá ò dáhùn mọ́.

"Ṣé o fún wọn?"

"Rárá, Bàbá."

Ìgbà tí dókítà kọ irú oògùn yẹn fún èmi náà ni mo tó mọ̀ pé oògùn náà láìjẹun ti fa ṣúgà ara wọn wálẹ̀ jù, pé ṣúgà gan-an ni ara wọn ń wá.

Lọ́jọ́ náà, Bàbá mi gbọ́wọ́ lé mi lórí. "O ṣeun, ọmọ mi. O gbọ́ràn."