Ìbúra Mi àti Ilé Ọtí inú Géèmù

Lọ́jọ́ tí mo fẹ́ wọ polí ni bàbá mi mú mi búra pé ẹsẹ̀ mi ò ní tẹ inú ilé ọtí láéláé. Mo gbọ́wọ́ lé Àlùkùránì, mo sì pa ìbúra náà mọ́ títí mo fi jáde. Ẹ̀rọ géèmù àlòkù tí mo rà ní Ìkòtún, nígbà tí mo ń retí ìwé àgùnbánirọ̀, ló wá kó mi sí wàhálà.

Géèmù ayé àtijọ́ ni, nígbà tí ọkọ̀ òkun ṣì ń fi aṣọ gba atẹ́gùn rìn. Èmi ni ọ̀gá ọkọ̀, mo ń wá ẹ̀gbọ́n mi tí wọ́n jí gbé. Inú ilé ọtí kan létí èbúté ni ìròyìn rẹ̀ wà. Tí mo bá dé ẹnu ọ̀nà, màá pa dà. Mo bi àwọn ẹlẹ́ja, mo bi ṣọ́jà, mo bi obìnrin tó ń sá aṣọ, kò sẹ́ni tó fún mi lésì gidi. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ń pòòyì lójú kan. Mo mọ̀ pé àwòrán lásán ni o. Ṣùgbọ́n àtàǹpàkò mi ló máa ti ọ̀gá ọkọ̀ náà wọlé, àtàǹpàkò kan náà tó wà lórí Àlùkùránì lọ́jọ́sí. Mi ò mọ èyí tí mo lè ṣe.

Lọ́sàn-án Sátidé kan, bàbá mi, tó ń ránṣọ níwájú ilé wa ní Ẹ̀gbẹ́dá, wọlé wá mu omi.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, téèyàn bá wọ ilé ọtí nínú géèmù ńkọ́? Ṣé ó ti da ìbúra nìyẹn?"

Mo rò pé wọ́n á bínú, àbí kí wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín. Wọ́n fa àga, wọ́n jókòó.

"Wọlé ká wò ó."

Mo wọlé. Mo forí lé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń pariwo.

"Níbo lò ń lọ? Fi àwọn yẹn sílẹ̀ jàre, wọn ò mọ nǹkan kan. Ẹni tó dá jókòó, tó kọjú sí ẹnu ọ̀nà yẹn, òun ni kó o lọ bá. Má tíì bi í ní nǹkan kan o. Ra ọtí fún un, jẹ́ kó mu ún dé ìdajì. Ìwọ má mu ṣá."

Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin náà mu ọtí, ó nu ẹnu, ó sì júwe ibi tí ẹ̀gbọ́n mi wà.

Ó yẹ kí inú mi dùn, àmọ́ gbogbo ẹ̀ dojú rú mọ́ mi lọ́wọ́. Bàbá mi tí wọn kì í fọwọ́ kan géèmù! Bàbá mi tó ń gba ọ̀nà ẹ̀yìn lọ sí mọ́ṣáláṣí, kí wọ́n má baà kọjá níwájú ilé ọtí tó wà ní ìkóríta wa. Mo ti rò pé òórùn ọtí ni wọn ò fẹ́.

"Bàbá, báwo lẹ ṣe mọ̀?"

Ladánì ti ń pèrun. Wọ́n dìde, wọ́n mú bútà àlùwàlá wọn.

"Ìwọ ṣáà pa ìbúra tìẹ mọ́," ni wọ́n wí, wọ́n sì gba ọ̀nà ẹ̀yìn lọ.